Àwọn Díìsì Tí Ẹ Pe Àfáà Sí

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Jẹ́dà níbí. Ẹ bá mi kí Màmá, kí ẹ sì kí Múfútáù àbúrò mi, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni mo fi ń kọ̀wé yìí.

Ooru ibí kò ṣeé fẹnu sọ. Atẹ́gùn tó ń ti inú òkun wá pàápàá gbóná bí oru ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Mo ṣì ń gbálẹ̀, mo ṣì ń gbẹ́rù ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà. Ní Ghulail tí mò ń gbé, bí mo bá kí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Bàbá, ẹ rántí pé Múfútáù kọ̀wé pé òun kò lè ṣe iṣẹ́ àṣejáde òun ní yunifásítì láìní sọ́fítíwíà, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Mo fi díìsì mẹ́rin tí ètò náà wà nínú wọn rán Àlàájà àdúgbò wa nígbà tó ń bọ̀ láti Hájì, mo ní mo rà wọ́n ni. Irọ́ ni mo pa. Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù fún ìrun Àílà, tí ọ̀gá mi àti gbogbo wọn lọ sí mọ́sálásí, èmi sá pamọ́ sẹ́yìn, mo ń jí ètò ọlọ́ètò dà kọ.

Múfútáù wá kọ̀wé pé nítorí ilẹ̀ mímọ́ tí díìsì ti wá, ẹ pe àwọn àfáà, wọ́n ka Fátíhà lé wọn lórí, àwọn aládùúgbò ń fi wọ́n kan iwájú orí. Ó ní ẹ kò jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn wọ́n láìṣe àlùwàlá. Ó fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí gan-an.

Mo wọkọ̀ lọ sí Mẹ́kà, sọ́dọ̀ ọmọ Ìwó kan tó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn, tó ń gbé ní Az-Zahir. Mo bi í bóyá àdúrà yẹn kò ti wẹ̀ wọ́n mọ́. Ó ní ẹrù olè kì í di mímọ́ nítorí Fátíhà, kí n lọ jẹ́wọ́. Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi. Inú bí i gidigidi, ṣùgbọ́n kò lé mi.

Ará Sùdáànì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́dọ̀ wa ló là mí lójú. Ó ní irú ètò bẹ́ẹ̀ wà tí àwọn tó ṣe é fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí ẹni tó rí i dà á kọ, kí ó fún ẹlòmíràn. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, bí olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn ní yunifásítì bá fi ìwé tó ní òǹtẹ̀ iléèwé tọrọ rẹ̀. Ohun tí mo jalè fún, ká ní mo béèrè ni, ǹ bá rí i gbà.

Mo ti fi díìsì tuntun tó ní ètò ọ̀fẹ́ náà ránṣẹ́, ìwé tó fún wa láṣẹ láti dà á kọ wà nínú rẹ̀. Kí Múfútáù fọ́ ti àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò tún iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó sì da tuntun yìí kọ fún gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Bàbá, ojú yín ni mo fi gbolẹ̀ láàárín àwọn àfáà. N kò kọ lẹ́tà yìí ní bòńkẹ́lẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí Múfútáù kà á sókè létí gbogbo àwọn tó fi díìsì wọ̀nyẹn kan iwájú orí.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kí Ó jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Mo kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín, bí ẹ bá ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀,
Ràṣídì