Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Yàn fún Bísí

Alápẹ̀rẹ̀, Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹta, 2006

Ó rẹ̀ mí. Èmi àti Bísí ọmọ mi lọ ra kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ ní Kétu, èyí tí yóò máa gùn lọ sí iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ ní Agboyi. Ọ̀nà ọlọ́dà ni yóò kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà yanrìn ni títí dé etí odò. Ó di ọ̀kan tí táyà rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ mú. Èmi ní kó mú èyí tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, torí ó fúyẹ́, ó sì ń dán.

"Ó dáa, Dádì."

Ohùn yẹn gan-an ló fi dá mi lóhùn nígbà tí mo yan ọkọ fún un, ọkùnrin tó padà já a jù sílẹ̀. Ká ní mo ti bi í léèrè nígbà náà...

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo ní ká dá kẹ̀kẹ́ náà padà lọ́la, ká gba èyí tó kọ́kọ́ dì mú.

"Mo ti lọ pààrọ̀ ẹ̀ nírọ̀lẹ́, Dádì. Mi ò kàn lè bá yín jiyàn lójú oníkẹ̀kẹ́ ni."

Mo bi í bóyá ìjókòó rẹ̀ kò ga jù.

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ báyìí rí. Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn.