Obìnrin Inú Fóònù Tí Mo Ṣèbí Àna Wa Ni

Lastri ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó wà pẹ̀lú rẹ ní Jakarta níbẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí oúnjẹ wọn má gbòdì lára rẹ. Ara wa le. Òjò ò jẹ́ kí tábà tí a rẹ́ gbẹ dáadáa, òbúkọ sì ti jẹ ìborùn tí mo sá, ìyẹn náà ti tán. Ọ̀rọ̀ tó ń gbóná nínú mi ni mo fẹ́ sọ.

Warsi aládùúgbò wa ka ohun tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ fún mi, o ní mo ti bá ọ ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ dókítà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé dókítà ni? Obìnrin kan yọjú nínú fóònù Warsi, ojú rẹ̀ ń dán, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní nítorí tìrẹ lòun ṣe pè, kí n sọ bí o ṣe rí ní kékeré, ṣé o máa ń bá ẹgbẹ́ ṣeré, ṣé o máa ń wo ojú ènìyàn, ṣé ariwo máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ta ló ń béèrè irú èyí nípa ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, bí kì í bá ṣe ẹni tó ní ọmọkùnrin nílé? Mo sáré lọ wé ìbòrí ọdún mi, mo gbé tíì síwájú fóònù, mo ní kó máa mu ún.

Mo wá yìn ọ́. Mo ní ọlọ́yàyà ni ọ́, pé kò sí ìgbéyàwó tí a kì í ti í rí ọ níwájú, pé ariwo dà bí oyin létí rẹ. Ó ní òun dúpẹ́. Mo ní kó bá mi kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, fóònù sì ṣú. Mo ti ń ronú adìẹ tí a máa pa.

Àfi bí o ṣe ní, pẹ̀lú ohun tí ìyá rẹ wí, kò dá wọn lójú mọ́ pé ọ́tísìmù ni. Mo rò pé orúkọ ilé-iṣẹ́ ni. Warsi ní o sọ pé kì í ṣe àìsàn, pé bí a ṣe dá ẹlòmíì nìyẹn, pé òun ló ń mú kí ìpàdé ibi iṣẹ́ máa rẹ̀ ọ́ bí ẹni ru igi, pé o kàn fẹ́ mọ̀ kí o lè yé bá ara rẹ jà. O ò wá mọ̀ bóyá kí o padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, àbí kí o fi í sílẹ̀ nígbà tí o ti dàgbà báyìí. O ò ṣe sọ fún mi kí obìnrin yẹn tó pè? Bí o ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ìwọ a dákẹ́ bí omi inú kànga, tó bá bàjẹ́ tán, o wá bínú sí mi.

Ṣé òótọ́ lo fẹ́? Tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí bá ti ké, o máa ń di etí. Bí ọbẹ̀ bá kan ìrẹsì rẹ, o ò ní jẹ ẹ́ mọ́. Níbi ìgbéyàwó àbúrò mi, abẹ́ tábìlì la ti rí ọ, o ń to èèpo ẹ̀pà. Mo ń sọ nǹkan wọ̀nyí fún Warsi, mo ń ráhùn pé kí ni àgbàlagbà tó ń gba owó oṣù fẹ́ fi orúkọ mìíràn ṣe.

Bàbá rẹ ń tún àtẹ tábà ṣe nítòsí. O mọ̀ ọ́n, àlejò ò ní tíì jókòó tán tí yóò ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ, tẹ́ńpẹ̀ ẹ̀wà sóyà díndín nìkan ló ń jẹ láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, Giman Odi ni abúlé ń pè é. Ó gbé oparun sílẹ̀, ó ní kí Warsi tún ọ̀rọ̀ rẹ kà. Warsi tún un kà. Bàbá rẹ wá bi mí pé ṣé dókítà yẹn máa ń gba arúgbó pẹ̀lú.

Lastri, mo ní màá bi ọ́. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára àtẹ, ṣùgbọ́n oparun kan náà ló ń so, tó tún ń tú.

Nítorí náà, bóyá wàá padà lọ o, bóyá o ò ní lọ, ìwọ lo ni ara rẹ. Tí o bá máa lọ, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti ènìyàn méjì, kó sì jẹ́ bọ́ọ̀sì tí wọn kì í kọrin nínú rẹ̀. Má gbé e gba báǹkì. Ẹ̀rọ ara ògiri wọn gbé káàdì mi mì lọ́jọ́ ọjà, mo kan ògiri náà títí, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ò dáhùn. Màá sọ òótọ́ fún obìnrin yẹn lójúkojú.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ìsinmi ọkàn, kí ariwo ìlú máa gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ kọjá, kí o má ṣe àlejò nínú ara rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, Tumirah.

Bàbá rẹ ti fọ fìlà rẹ̀, ó ti sá a.