Ọwọ́ Géèjì Tí Kò Gbéra

Kámpù Kẹrìnlá,
Kólónì Rosenhof,
Santa Cruz, Bòlífíà.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá, 1998.

Ẹ̀gbọ́n mi Justina tí mo fẹ́ràn jù,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Paragúwè lọ́hùn-ún? Àwọn ọmọ ń kọ́? Ọkọ yín ń kọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Ṣé òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Ẹ má wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi, ẹ mọ̀ pé ọdún mẹ́fà péré ni mo lò nílé ìwé.

Oṣù méjì rèé tí mo ti dé ilé ọkọ. Gerhard ń ṣe jẹ́jẹ́ pẹ̀lú mi, àmọ́ mi ò tíì lè wo ojú bàbá rẹ̀ tí a bá jọ ń jẹun. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò rí ẹlòmíràn sọ ọ́ fún.

Ẹ́ńjìnnì katakata wa ni. Láti ìgbà òtútù ni Gerhard ti tú u palẹ̀, tó sì ń tún un tò. Bàbá Abram, bàbá ọkọ mi, ti ṣèlérí pé tí a bá fi gbin sóyà tán kí ọdún tó parí, a lè kọ́ ilé tiwa sétí oko. Mo ti mọ ibi tí fèrèsé mi máa wà.

Ní Sátidé tó kọjá, oòrùn wọ̀ bá Gerhard lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ mọ òfin ìjọ wa, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan irinṣẹ́ títí di Mọ́ńdè. Ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ní ìdojúdé, ikùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, tí gbogbo wọn ń sùn, atẹ́gùn gúúsù gbé iyanrìn dé. Mo sáré lọ fi tapólì bò ó. Mo wá rí ihò kan níbi tí pọ́ǹpù ọ́ìlì máa ń jókòó sí. Mo ya etí aṣọ ìdáná mi dúdú, mo fi ìka tì í wọnú ihò náà. Mo rò pé Gerhard á rí i. Mi ò sọ fún un, torí iṣẹ́ ni mo ṣe lọ́jọ́ Olúwa. Kí n tó fún wàrà màálù tán láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó ti de pọ́ǹpù lé e lórí.

Ní Túsìdé, wọ́n ṣíná fún un. Ó dún dáadáa, Gerhard sì rẹ́rìn-ín sí mi. Àmọ́ ọwọ́ géèjì tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ta sókè kò kúrò lórí òdo. Wọ́n pa á. Isbrand, aládùúgbò wa tó mọ ẹ́ńjìnnì, yọ géèjì tirẹ̀ wá, ó ní bóyá tiwa ló kú. Ìyẹn náà kò gbéra. Ó tú fíltà tó ń sẹ́ ọ́ìlì, inú rẹ̀ gbẹ táútáú.

“Gerhard,” ó ní, “lọ́jọ́ tó ò ń to èyí, ṣé ẹ́ńjìnnì lò ń wò àbí ìyàwó?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Wọ́n da ọ́ìlì síbi fíltà kí pọ́ǹpù lè rí nǹkan fà. Ọ́ìlì náà dúró sójú kan, kò sọ̀ kalẹ̀. Isbrand fajú ro. “Nǹkan dí ọ̀nà,” ó ní.

“Kí ló fẹ́ dí i?” Bàbá Abram dáhùn. “Èyí tí mo lò nígbà èwe mi, ó máa ń pẹ́ kó tó mu ọ́ìlì. Ẹ ṣíná fún un, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.”

“Bàbá, tó bá ń yí ní gbígbẹ, á jẹ bẹ́árìn tó gbé irin inú rẹ̀ dúró.”

“Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ni?”

Wọ́n ṣíná. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí ìró rẹ̀ fi yí padà, bí ẹni tó ń payín keke, òórùn irin gbígbóná sì jáde. Wọ́n pa á. Bàbá Abram ní kí wọ́n tún ṣíná. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ rí níbi tí àwọn ọkùnrin wà.

Mo ní, “Ẹ má ṣíná mọ́. Aṣọ mi wà nínú rẹ̀.”

Gerhard tú ikùn ẹ́ńjìnnì, ó fi wáyà fa aṣọ náà jáde. Kò bú mi. Bàbá rẹ̀ ló bèèrè pé ọjọ́ wo ni mo fi í síbẹ̀. Mo ní Sọ́ńdè. Ó nu ọwọ́, ó sì wọlé lọ. Láti ìgbà náà, tó bá fẹ́ búrẹ́dì lórí tábìlì, ó máa ń dìde lọ mú un fúnra rẹ̀, kì í gbà á lọ́wọ́ mi mọ́.

Nígbà tí wọ́n tò ó padà, ọwọ́ géèjì gbéra. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ Isbrand fi igi kan ẹ́ńjìnnì, ó fi etí sí ìdí igi náà láti gbọ́ inú rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. “Ẹ má tíì gbé e wọ oko o,” ó ní. “Ẹ jẹ́ ká tú u wò lẹ́ẹ̀kan sí i.” Òjò rọ̀ lánàá, ilẹ̀ sì tutù. Bàbá Abram ní àfi kí wọ́n gbin sóyà lójú ẹsẹ̀.

Gerhard ló ń fi katakata náà gbìn ín báyìí. Láti ilé ìdáná ni mo ti ń gbọ́ ọ, nǹkan kan ń kan kọ́, kọ́, kọ́ nínú ariwo rẹ̀. Láàárọ̀, àfi kí n jáde síta kí n tó gbọ́ ọ. Ní báyìí, mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Síbẹ̀, mo ń retí pé á parí oko náà. Ó ku ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kẹ́ ẹ fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Ẹ má ka lẹ́tà yìí sétí ẹnikẹ́ni.

Mo fẹ́ kọ orúkọ mi báyìí ni ẹ́ńjìnnì náà dákẹ́. Kò tíì dé ìpẹ̀kun oko. Mo ti dúró díẹ̀ kí n tó kọ èyí, kò tíì tún dún. Bàbá Abram ti dìde, ó ń wo oko láti ojú fèrèsé.

Èmi àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín,
Aganetha.