Má Tíì Fi Mọ́tò Yẹn Sáré, Mo Ti Fọ Jíà Rẹ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Má tíì fi mọ́tò yẹn sáré o. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà nìyẹn, ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n mo rò ó pé tó bá jẹ́ ìlà kan péré ni o máa ráyè kà, ìlà yẹn ni kí o rí. Ó yá, kí n wá ṣe é bó ṣe yẹ. Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ wà, àti àwọn tí ẹ jọ ń jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́ kan náà, títí kan ẹni tí ẹ ń pè ní Oníbọ́ọ̀lù, tí mi ò fẹ́ràn ṣùgbọ́n tí mo kí? Ọlọ́run á bá mi ṣọ́ ojú rẹ tí o fi ń wo nǹkan wẹ́wẹ́, á ṣọ́ ìka rẹ tí o fi ń mú un, ohun tí o bá sì dáwọ́ lé kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín. Àwa náà ń bẹ. Orúnkún bàbá rẹ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Ní ti òrùlé ìsọ̀ mi tó ń jò, káfíńtà ti wá wò ó, ó wò ó títí, ó sì lọ.

Inú ìsọ̀ yìí náà ni mo ti ń kọ lẹ́tà, orí pépà tí mo fi ń gé àwòṣe aṣọ ni mo sì ń kọ ọ́ sí. Láti ibi tí mo jókòó mò ń wo gáréèjì ní òdìkejì títì. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló kù tó lè dé ọ̀dọ̀ yín kí ìje ìrọ̀lẹ́ òní tó bẹ̀rẹ̀, dírẹ́bà rẹ̀ ló máa gbé lẹ́tà yìí, ó sì ti búra pé òun ò ní gbéra àfi tó bá kún. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ pẹ́dà maṣíìnì, kò sì sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Kí o má rò pé mi ò gbìyànjú fóònù. Mo pè ọ́, kò lọ, mo sì rántí pé o ní ẹ máa ń pa fóònù yín tí ẹ bá ń dán mọ́tò wò. Mo wá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sínú rẹ̀ bí o ṣe kọ́ mi. Kíá ni wọ́n fún mi ní máàkì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé tó bá dára tán, máàkì méjì ni wọ́n máa ń fúnni, nítorí gbogbo èyí tí mo kọ sí ọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló gba méjì. Mo tún un kà, mo rí i pé mo fi ìkánjú kọ ọ́, mi ò tilẹ̀ kí ọ. Mo tún òmíràn kọ, mo fi ìkíni sí i, mo fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀. Máàkì kan náà ni. Mo tún kọ ọ́ ní lẹ́tà ńláńlá. Kan náà ni. Bàbá rẹ ní bóyá ẹni tó ń máàkì lónìí ló le. Mo pa á tì, mo mú bírò.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Lálẹ́ àná tí o pè, ohùn rẹ ń gbọ̀n. O ní agolo kékeré tí o gbàgbé sórí fèrèsé yàrá nígbà tí o wá kí wa, inú rẹ̀ ni jíà tó ń wà láàárín táyà ẹ̀yìn mọ́tò náà wà, èyí tí ẹ ń pè ní difẹrẹ́ńṣà. O ní ọ̀gá rẹ á wo ìje òní fúnra rẹ̀. Tí jíà tí ìwọ ṣe bá gbé mọ́tò náà gba kọ́nà dáadáa, tìrẹ ni wọ́n máa ṣe fún títà, wọ́n á sì fún ọ ní tábìlì tìrẹ. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ti Oníbọ́ọ̀lù ni wọ́n máa mú, ìwọ á sì padà sí ìdí páálí, níbi tí o ti ń di ẹrù fún oníbàárà. O ní kí n ṣáà fún dírẹ́bà bọ́ọ̀sì àárọ̀ kùtùkùtù kó gbé e wá. Mo ní kí o lọ sùn, pé ó ti parí. Ká ní ó parí níbẹ̀ ni, mi ò bá máa rán apá ṣẹ́ẹ̀tì báyìí.

Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò fojú kékeré wo iṣẹ́ rẹ. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ sọ pé mọ́tò eré ìje lẹ ń ṣe, mo bi ọ́ pé báwo ni dírẹ́bà rẹ̀ ṣe ga tó, nítorí mo fẹ́ rán ṣẹ́ẹ̀tì fún un. O ní mọ́tò náà kò ju bàtà bàbá rẹ lọ, pé orí pẹpẹ lókèèrè ni dírẹ́bà máa ń dúró sí, á mú rímóòtù dání. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà mi pé mọ́tò tí ọmọ mi ń ṣe yá débi pé dírẹ́bà rẹ̀ ò jẹ́ wọ inú rẹ̀, ìta ló ti ń wà á. Wọ́n ní ọlọ́gbọ́n ni dírẹ́bà náà.

Mo wá ṣí agolo láti rí i pé nǹkan ọ̀hún wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀, kò ju ìdérí ìgò lọ, ọ̀pá kékeré kan yọ lápá ọ̀tún, òmíràn yọ lápá òsì. Mo fi ìka yí ọ̀kan. Ó le! Ó ń lọ, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun rán níṣẹ́ ló ń lọ. O mọ òfin ìsọ̀ yìí: maṣíìnì kankan kì í gba ọwọ́ mi kọjá kó má mọ́, kó má sì mu ọ́ìlì. Maṣíìnì tó bá le lọ́wọ́, àìsàn ló ń ṣe é, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo ní ọmọ yìí ti ṣiṣẹ́ títí, ó gbàgbé ọ́ìlì.

Mo mú sukudiráfà tín-ín-rín tí mo fi ń tú ilé bọ́bììnì. Bí mo ṣe ń tú ìdè wẹ́wẹ́ rẹ̀ ni mo ń tò wọ́n sórí aṣọ funfun, kí ọ̀kan má baà gba ipò èkejì. Nígbà tí mo ṣí ìdérí, ohun tí mo rí ń fà bí oyin, ó ti bo àwọn jíà náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo ní áà, ọ́ìlì ti di gọ́ọ̀mù! Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Kò fẹ́ lọ, ó rọ̀ mọ́ eyín jíà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun bàbá rẹ ni mo fi ṣẹ́gun rẹ̀. Mo rí àwọn wọ́ṣà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí o tò léra wọn, tí sípíríìnì ń tì mọ́ra. Mo yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo nù wọ́n, mo fi ọ́ìlì maṣíìnì pa wọ́n lára bí ẹni ń pa ọmọ ìkókó. Pépà róbótó abẹ́ ìdérí ti gbó, mo gé tuntun fún ọ látinú aṣọ líle tí à ń fi sínú kọ́là. Ó bá a mu rẹ́gí. Mo dì í padà, mo sì yí i. Ọmọ mi, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́! Tí mo bá yí apá ọ̀tún síwájú, apá òsì á sáré padà sẹ́yìn, bí orogún méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fojú kojú lójú ọ̀nà. Mo pe bàbá rẹ wá wò ó. Ó yí i, yí i, ó ní ó dùn lọ́wọ́, ó sì bi mí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì òun wà.

Bẹ́ẹ̀ ni dírẹ́bà àárọ̀ gbé e lọ. Orin ni mo ń kọ wọ ìsọ̀.

Fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ló wá gba ṣòkòtò rẹ̀ tí mo lẹ̀ lórúnkún. Mo ní kó jókòó kí n ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ fún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹnu rẹ̀ ń là. Ó bi mí pé ṣé mo ní ó ti wá fúyẹ́ báyìí. Mo ní bí ìyẹ́. Ó gbé ṣòkòtò sílẹ̀. Ó ní ṣé mo rántí ọkọ̀ akẹ́rù tó rì sínú ẹrẹ̀ níwájú ìsọ̀ mi, tí táyà kan ń yí bí òòyì, tí èkejì tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ dúró gbọn-in bí àna tí wọn ò tíì kí. Mo ní kí ló dé tí mi ò ní rántí, ara ẹ̀wù ìyàwó tí mo sá síta ló da ẹrẹ̀ sí. Ó ní ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi nìyẹn.

Ó ní tí mọ́tò bá ń gba kọ́nà, ọ̀nà tí táyà òde máa rìn gùn ju ti inú lọ, ìdí nìyẹn tí jíà fi ń wà láàárín wọn, kí ọ̀kan lè yára ju èkejì. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí ìjánu, ibi tó rọrùn ni agbára máa ń sá lọ. Nínú eré ìje, táyà inú a máa fúyẹ́, a tilẹ̀ máa gbẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òun ni á wá gba gbogbo agbára, á máa yí lórí òfìfo, èyí tó tẹlẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́ kò ní rí nǹkan kan gbà. Ó ní ọ́ìlì tó ki yẹn àti àwọn wọ́ṣà yẹn ni ìjánu. Ó ní líle tí mo pè ní àìsàn yẹn gan-an ni ọmọ mi jókòó ṣe láti ọjọ́ yìí, èmi sì ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ dànù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rí ojú mi, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó lọ, kò rántí ṣòkòtò.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí mi. Àwo wẹ́wẹ́ méjì tí òwú ń gbà láàárín wọn lórí maṣíìnì, ṣebí sípíríìnì ló ń tì wọ́n mọ́ra? Tí wọ́n bá dẹ̀ jù, òwú á kóra jọ sábẹ́ aṣọ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Tí wọ́n bá le jù, òwú á já. Ojoojúmọ́ ni mò ń wá àárín méjèèjì. Àṣé tí wọ́n bá gbé ojúlùmọ̀ ẹni sínú agolo, èèyàn lè má dá a mọ̀.

Bàbá rẹ ní kí n fara balẹ̀. Ó ní kì í ṣe òní ni mo ti ń fọ nǹkan, pé lọ́dún tí a fẹ́ra, mo fi ọṣẹ fọ rédíò òun. Mo ní rédíò náà kò ha mọ́ ni? Ó ní ó mọ́, kò kàn sọ̀rọ̀ mọ́ ni. Ó wá ní mọ́tò tó tó bàtà, eré ọmọdé ṣáà ni. Mo ní kó tún un sọ níwájú rẹ tó bá láyà.

Nítorí náà, gbọ́ bí o ṣe máa ṣe é. Tú u. Nu àwọn wọ́ṣà náà gbẹ, má fi ọ̀kan sílẹ̀, torí inú wọn ni ọ́ìlì mi sá pamọ́ sí. Nu eyín jíà. Yọ aṣọ kọ́là yẹn, fi pépà tìrẹ sí i, ọ́ìlì á gba ara aṣọ jò jáde. Lẹ́yìn náà kí o wá rọ ọ́ìlì rẹ tó ń fà bí oyin sí i, kí o sì yí i wò kó le bó ṣe ń le. Má ṣe é lójú Oníbọ́ọ̀lù. O ti sọ pé bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ tó fún sáàárín àwo méjì nínú jíà tirẹ̀ máa ń yọ̀, wọ́n á gbóná, wọ́n á jẹ àwo náà tí agbára bá pọ̀. Ẹni tí nǹkan tirẹ̀ ń jẹ ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí tìẹ ní ìhòòhò.

Mo ti lọ wo gáréèjì, mo ti dé. Èrò kan ló kù. Mo bẹ dírẹ́bà kó máa lọ, ó ní òun kì í fi ìjókòó òfìfo rìn. Mo ní kó gbé lẹ́tà mi lé e, ó ní lẹ́tà kì í san owó ọkọ̀. Àwọn èrò tó wà nínú ọkọ̀ ń pòṣé, ọ̀kan ní ṣé kí òun bí ọmọ síbẹ̀ ni kí ó lè kún. Mo wo apá ọ̀tún títì, mo wo apá òsì, kò sí ẹni tó gbé báàgì. Oòrùn sì ń rìn. Ọmọ mi, èmi ni èrò tó kù.

Tí o bá rí i pé ìkọ̀wé mi ti ń wọ́, orí itan ni mo ti ń kọ ọ́, dírẹ́bà yìí kò sì bọ̀wọ̀ fún kòtò. Mo ti ti ìsọ̀. Mo ní kí bàbá rẹ bá mi fún fọkanáísà ní ṣòkòtò rẹ̀. O ti sọ fún mi rí pé ẹni tí kò bá so káàdì mọ́rùn, wọn kì í jẹ́ kó wọ ibi tí ẹ ti ń tún mọ́tò ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí nìṣó. Èmi ni wọ́n máa dá dúró lẹ́nu géètì, lẹ́tà kò ní ọrùn, wọ́n á jẹ́ kó wọlé. Màá bẹ ẹni tó ń ṣọ́nà kó gbé e fún ọ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ owó díẹ̀ ló kù. Ohun tí mo bá nínú dúrọ́ọ̀ ìsọ̀ kò ju owó àlọ lọ, jọ̀ọ́ wá owó àbọ̀ fún mi, kí o sì fi ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan lé e, kí ilé lè rójú. Ṣùgbọ́n má tíì jáde wá kó o fún mi. Mo bẹ̀ ọ́, tí o bá ka ibí yìí, má sáré wá sẹ́nu géètì, má wá wò bóyá mo ti jẹun, má wá gbé ìjókòó fún mi. Tú u ná. Nù ún. Rọ ọ́ìlì sí i. Tó bá ń ṣe ọ́ bíi kí o bínú sí mi, bínú lẹ́yìn ìje, mi ò lọ síbì kankan, lẹ́nu géètì yẹn náà ni wàá ti bá mi.

Ọlọ́run á fún ọ lágbára, á sì jẹ́ kó kan táyà méjèèjì.

Èmi ni ìyá rẹ, tó wà níta.