Èmi Kọ́, Ẹ̀mí Ni

Yàrá ẹ̀yìn,
Ilé Bàbá Kékeré.
Ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn láìkùn sí ẹnikẹ́ni? Bàbá Ìbejì ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn Ìbejì fúnra wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jà nítorí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú mọ́tò? Gbogbo wa níbí wà dáadáa. Mo rí lẹ́tà mi tí ẹ dá padà. Bírò pupa yín ò dá nǹkan kan sí, orúkọ mi nìkan ni kò bá wí. Mo dúpẹ́. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ó sú yín. Gbogbo ọdún tí mo fi kàwé lókè òkun ò ní gba èdè yìí mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Níjọ́ tí wọ́n ní kí n gba àdúrà àárọ̀ nílé, mo múra sílẹ̀, mo ti ń há a sórí láti ìgbà tí mo ti ń wẹ̀. Mo dijú, mo gbóhùn sókè, mo ní, "Èmi Mímọ́, wá ṣe àkóso ilé yìí." Ẹ mọ Bàbá Kékeré, àbúrò yín tí kì í jẹ́ kí àwàdà bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Àmín o, Èmi Mímọ́. Bí o bá ti gbàkóso tán, jọ̀ọ́, àwo àná ṣì wà nínú báṣíà." Àwọn ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Màmá, ìyàwó wọn, ló ṣàlàyé pé Ẹ̀mí Ọlọ́run ni mo fẹ́ pè, ara mi ni mo pè. Orúkọ mi nínú ilé nìyẹn látọjọ́ náà. Èmi Mímọ́, wá bu omi. Èmi Mímọ́, ta ló gbé bàtà mi? Mo wá ń dá nìkan sọ ọ́ lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́: èmi, ẹ̀mí, èmi, ẹ̀mí, títí ẹni tó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì fi dìde lọ síwájú.

Ẹ bi mí bóyá mo ṣì gbà pé ayé àìrí wà, àbí ìwé ti gbà á lọ́kàn mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ ni màá fi dá yín lóhùn. Yàrá ìsàlẹ̀ ọsibítù ni mo wà, níbi tí a ti ń fọ ọ̀bẹ, àlùmágàjí àti ẹ̀mú tí àwọn dókítà fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Bí a bá fọ̀ wọ́n tán, a ó dì wọ́n sínú aṣọ, a ó kó wọn sínú ẹ̀rọ ńlá kan tó ń fi ooru omi híhó pa kòkòrò àìfojúrí. Ẹrù kékeré kan wà láàárín wọn tí a máa ń tú wò, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà nínú rẹ̀. Tí ooru bá wọlé dáadáa, bébà náà á dúdú. Ìgbà yẹn la ó kọ "Ó mọ́" sára àwọn ẹrù tó kù, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò á sì fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Ọ̀gá Kíákíá lẹ́yìn wọn, onígbàgbọ́ gidi ni. Àwọn ló ń ṣáájú àdúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohùn tó ń mi fèrèsé ni wọ́n sì fi ń lé gbogbo ọ̀tá àìrí jáde nínú ọsibítù. Àwọn náà ló máa sọ bóyá kí wọ́n gbà mí síṣẹ́ pátápátá, torí ẹni tí wọ́n ṣì ń dán wò ni mí.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo tú ẹrù náà, bébà rẹ̀ ò dúdú. Ó kàn rí bíi tíì tí wọ́n bu omi púpọ̀ là. Dókítà ti wọ ìbọ̀wọ́, nọ́ọ̀sì ti ń kanlẹ̀kùn, wọ́n ti gbé aláìsàn, ìyá kan tí n ò mọ̀ rí, sórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ. Ọ̀gá ní bébà yẹn ló ti gbó, kí n fọwọ́ sí i. Mo ní ká tún un sè. Wọ́n mú àlùmágàjí inú ẹrù yẹn, wọ́n gbé e sókè síbi iná.

"Wò ó bó ṣe ń dán. Kí lo rí lára ẹ̀?"

"N ò rí nǹkan kan, sà. Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn."

"O fẹ́ dá iṣẹ́ abẹ dúró nítorí nǹkan tójú ò rí?"

N ò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dún létí àwọn fúnra wọn. Àǹtí, kì í ṣe pé mo láyà tó bẹ́ẹ̀. Mo ti mú bírò lọ́wọ́. Ohùn kan ń sọ fún mi pé iṣẹ́ rẹ ńkọ́, kí lo máa sọ nílé, ta ló máa mọ̀. Kì í ṣe ohùn àǹjọ̀nú kankan. Ohùn ara mi ni, ó sì dùn ún gbọ́. Ibẹ̀ ni àwàdà Bàbá Kékeré ti sọ sí mi lọ́kàn. Tí mo bá kọ "Ó mọ́" sára ohun tí n ò mọ̀ pé ó mọ́, Èmi Mímọ́ náà ni mo tún gbé gorí ìjókòó Ọlọ́run yẹn. Mo fi bírò sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Orúkọ mi ò ní wà níbẹ̀."

Wọ́n lè fi tiwọn sí i. Wọn ò fi sí i. Wọ́n kó ẹrù padà sínú ẹ̀rọ fúnra wọn, wọ́n sì gbá ìlẹ̀kùn rẹ̀ bí ẹni tó ń bá a jà.

Ìgbà kejì, bébà dúdú bí èédú. Dókítà pariwo, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ìyá náà ti ń jókòó. Bóyá ẹrù àkọ́kọ́ ì bá ṣe é ní nǹkan, bóyá kò ní ṣe é ní nǹkan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ọ̀gá ní àwọn máa gbé ọ̀rọ̀ mi lọ bá àwọn aláṣẹ lọ́jọ́ Ajé, pé mo ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Nígbà tí mo délé, Màmá ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, ká gbààwẹ̀ ta ko Ọ̀gá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi Ọ̀gá ṣe ọ̀tá. Ohùn tí mo gbọ́ làwọn náà gbọ́, tiwọn kàn ròkè díẹ̀ ni, nítorí dókítà wà lórí wọn. Bàbá Kékeré bi mí ṣé n ò ní lọ bẹ̀bẹ̀. Mo ní mo lè bẹ̀bẹ̀ lórí bí mo ṣe sọ̀rọ̀, n ò lè bẹ̀bẹ̀ lórí ohun tí mo kọ̀.

Nítorí náà, Àǹtí, mo gbà pé ayé àìrí wà, ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ n ò wá a lọ sínú àlá mọ́. Ìdí ẹ̀rọ wa níbẹ̀ yẹn ló wà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti wo ọwọ́ mi, tí Ẹni tí n ò rí sì ń wò ó.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n tún ní kí n gbàdúrà. Mo la ẹnu mi dáadáa kí ọ̀rọ̀ náà lè ráàyè jáde: Ẹ̀mí Mímọ́. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Bàbá Kékeré ṣe "Àmín," wọ́n sì lọ fọ àwo fúnra wọn.

Mo ti lọ aṣọ iṣẹ́ mi sílẹ̀ de ọjọ́ Ajé. Tí wọ́n bá ní kí n máa lọ, màá wá iṣẹ́ míì. Tí wọ́n bá ní kí n dúró, bébà tí kò bá dúdú, n ò ní fọwọ́ sí i.

Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi fa àwọn Ìbejì létí díẹ̀díẹ̀. Ẹ rántí mi nínú àdúrà, ẹ rántí Ọ̀gá náà. Tí ẹ bá sì rí ibi tí mo ti gbàgbé àmì tó ń wà lábẹ́ "ẹ̀mí", ẹ má wojú mi, ẹ fi bírò pupa fà á dáadáa. Ibẹ̀ ni n ò fẹ́ ṣe àṣìṣe mọ́.

Èmi ni, ọmọ yín tí kò tíì mọ́ tán,

Èmi Mímọ́.