Ibi Tí Ọkàn Wà Lẹ́sẹ̀

Jímọ̀, Pápá Àjàó

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ Màámi lálaalẹ́. Súlíá àbúrò mi fi oṣù méjì kọ́ iṣẹ́ ẹsẹ̀ títẹ̀ ní Yàbá, ó wá gbé àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan wà lẹ́sẹ̀ délé lónìí: orí wà ní àtàǹpàkò, ikùn wà láàárín, ọkàn wà lẹ́sẹ̀ òsì. Ó tẹ Màámi lẹ́sẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì sùn fọnfọn.

Oṣù méjì péré.

Nígbà tí wọ́n jí, mo bu òrí, mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó. Wọ́n fa ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn. "Fi sílẹ̀, Rìsí. Súlíá ti bá mi ṣe é."

Irọ́ ni àwòrán yẹn. Síbẹ̀ mo tìlẹ̀kùn yàrá, mo fi òrí tó wà lọ́wọ́ mi tẹ ibi tí Súlíá pè ní ọkàn lẹ́sẹ̀ òsì tèmi.

Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí.