Ọmọ-ọmọ Mi Gbé Òkú Mi Kọ́ Sára Ògiri Hòtẹ́ẹ̀lì

Òjò ti dá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, àmọ́ ojú ọ̀run ṣì ṣú, afẹ́fẹ́ òkun tutù, iyanrìn ẹnu ọ̀nà mi ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹja kì í gbẹ dáadáa, nítorí náà mi ò dáná sí ààrò. Mo ní kí n kúkú lọ wo hòtẹ́ẹ̀lì tí àwọn àna wa máa sùn sí. Ká ní oòrùn ràn ni, ǹ bá jókòó ti ẹja mi, ǹ bá má sì mọ̀ pé mo ti kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ìka kan ni mo fi ń tẹ fóònù, tí mo bá ṣi nǹkan tẹ̀, ẹ bá mi tún un ṣe. Èmi kì í ṣe aláriwo, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ inú ń bí mi... inú ń bí mi débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ kan ṣoṣo lánàá.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ẹ jẹ́ ká pè é ní Bísọ́lá, èmi ni mo tọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá ẹ̀, tó jẹ́ ọmọ mi, kú. Nídìí ààrò ẹja mi ní Eleko níbí ló dàgbà sí, nínú ẹ̀fín èèpo àgbọn, tó ń jókòó ti ṣáwá tí mò ń yan, tó ń ṣa ìrù ẹ̀ jẹ. Ó kàwé, ó di ẹni tó ń ya fọ́tò fún àwọn èèyàn ńlá ní Lekki, inú mi sì dùn. Ó wá rí ọkọ, ọmọ Ìlọrin, Àbújá ló ti ń ṣiṣẹ́, torí náà orí fóònù nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni àwọn òbí ẹ̀, Alhaji àti Alhaja, fẹ́ wá mọ̀ wá. Bísọ́lá ní kò ní jẹ́ Eleko, pé ẹ̀fín á mú wọn lójú. Ó ní òun ti yan hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Lekki, ní àdúgbò táwọn ayàwòrán pọ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n á sùn, ibẹ̀ náà la ti máa pàdé. Mo ní kò burú, kí n lọ yẹ yàrá ibẹ̀ wò. Ó ní rárá o, Màmá, ẹ má ṣèyọnu. Ó sọ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó tún ní kí n má sọ fún wọn pé èmi ni ìyá ìyá òun, pé ìyá ọkọ òun kò fẹ́ràn ọmọ ìyá àgbà, pé wọ́n gbà pé àwọn ìyá àgbà máa ń kẹ́ ọmọ bàjẹ́ ni. Kí n sọ pé àbúrò ìyá àgbà òun ni mí. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní mo jọ ẹnì kan, kí n ní àwa ẹbí la jọra. Ó dùn mí, àmọ́ mo gbà. Ta ló fẹ́ dínà mọ́ ọmọ ẹ̀?

Àmọ́ mi ò lè jẹ́ kí àna sùn síbi tí mi ò mọ bí omi ibẹ̀ ṣe rí. Mo ti gbé ẹja lọ fún ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ létí òkun yìí, mo mọ èyí tí iwájú ẹ̀ ń dán tí ẹ̀yìn ẹ̀ ń rùn. Mo wé gèlè, mo wọ ọkọ̀ kórópe dé Ajah, mo tún wọ òmíràn gba ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì lọ sí Lekki. Ọmọge tó gbà mí lálejò, Tọ́pẹ́ lorúkọ ẹ̀, kúnlẹ̀ kí mi, mo ní mo fẹ́ wo yàrá fún àwọn àna wa, mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tẹ bẹ́ẹ̀dì, ó le dáadáa. Mo ṣí omi, mo jẹ́ kó ṣàn títí, kò pọ́n. Balùwẹ̀ ni mi ò lóye. Dígí ni gbogbo ẹ̀, láàárín yàrá! Mo ní tí Alhaji bá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, níbo ni Alhaja á ti wẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, style ni." Mo ní, "Style kọ́. Ẹ wá kọ́tìnì ta síbẹ̀." Ó ní wọ́n á ta á.

Ìgbà tá à ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo rí i lára ògiri àtẹ̀gùn. Fọ́tò dúdú àti funfun, ó ga tó ilẹ̀kùn. Obìnrin arúgbó kan nà gbalaja lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kò wérí, ẹnu ẹ̀ là díẹ̀, aṣọ funfun bò ó dé àyà. Ààrò yẹn ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀, igun ẹ̀ tó ya, tí mo fi ọwọ́ ara mi fi amọ̀ dí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé èmi ni.

Tọ́pẹ́ ní àwòrán yẹn máa ń pa èèyàn lẹ́kún. Ó ní ìyá àgbà ẹni tó yà á ni, pé ọjọ́ tí màmá yẹn kú gan-an ló yà á. Mo bi í pé kí ló pa á? Ó ní ẹ̀fín ni. Ẹ̀fín! Ẹ̀fín tí mo fi tọ́ ọ! Ó ní níbí gan-an ni ọkọ tó fẹ́ fẹ́ ẹ ti rí àwòrán náà, tó sunkún torí pé ìyá àgbà tiẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní tí ọkọ náà àtàwọn òbí ẹ̀ bá dé ní Sátidé, gbogbo ẹbí á kọ́kọ́ dúró síwájú àwòrán yẹn, Alhaji á ṣàdúà fún màmá. Ó wá wo ojú mi, ó ní, "Màmá, ẹ tiẹ̀ jọ wọ́n díẹ̀ o."

Ohun tí mo wá jẹ́wọ́ rèé. Mo ní, "Àwa arúgbó, a jọra wa." Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. Mo fọwọ́ sí ikú ara mi lójú ẹsẹ̀. Kí ló ṣe mí tí mi ò lè sọ pé èmi rèé?

Inú kórópe ni mo jókòó sí tí mo rántí ọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́yege Bísọ́lá ni. Mo ti ń yan ẹja tá a fẹ́ fi ṣàlejò láti kùtù, ó rẹ̀ mí, mo sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Nígbà tí mo jí, aṣọ funfun mi tó dáa jù, tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wà lára mi. Bísọ́lá ló lọ gbé e nínú àpótí. Mo ní ọmọ yìí ní kí òtútù má mú mi! Ẹ̀yin èèyàn, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ròyìn aṣọ yẹn fún gbogbo ará àdúgbò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo gbàdúrà fún un... Òkú ló ń fi mí ṣe.

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn ràn, àmọ́ mi ò dáná. Mo mú aṣọ funfun yẹn jáde, mo ró o, mo lọ bá ayafọ́tò kan ní Ṣàngótẹ̀dó. Ó ní, "Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín." Mo ní mi ò rẹ́rìn-ín, ojú mi ni kó yà, kó là kedere. Mo gbé ẹja yíyan kan lọ́wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi férémù sí i, mo ní kó bá mi kọ ọ́ sẹ́yìn pé: Èmi ni ìyá ìyá Bísọ́lá, èmi ni mo tọ́ ọ, ẹ káàbọ̀ sọ́dọ̀ wa. Bó ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni Bísọ́lá pè, ó fẹ́ mọ aṣọ tí mo máa wọ̀ ní Sátidé. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má wọ funfun. Mo ní mo ti gbọ́, ọmọ mi.

Mo fi bébà wé fọ́tò náà, mo gbé e lọ fún Tọ́pẹ́, mo ní ẹ̀bùn Alhaja tó ń bọ̀ ní Sátidé ni, kó gbé e sórí ìrọ̀rí wọn kí wọ́n tó dé, kó má tú u o. Ó kúnlẹ̀, ó gbà á. Mo bi í bóyá wọ́n ti ta kọ́tìnì. Ó ní wọ́n ti ta á. Mo jáde, mi ò wo ọ̀nà àtẹ̀gùn.

Ó wà lọ́wọ́ Tọ́pẹ́ báyìí. Mo ṣì lè lọ gbà á. Tí mo bá fi sílẹ̀, ọkọ yẹn lè lọ, èmi ni mo máa tú ilé ọmọ mi ká kí wọ́n tó kọ́ ọ. Tí mo bá gbà á, ní Sátidé Alhaji á tẹ́wọ́ síwájú ògiri yẹn, á ní kí Ọlọ́run tẹ́ mi sí afẹ́fẹ́ ire, èmi náà á sì wà níbẹ̀, nínú aṣọ tí kì í ṣe funfun. Ẹ sọ fún mi, ṣé kí n lọ gbà á ni, àbí kí n jẹ́ kó wà níbẹ̀? Tí mo bá sì lọ gbà á, ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ, ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ̀yin á lè ṣe àmín sí àdúà òkú ara yín?